Atẹ́gùn Gidan Bene

Lọ́jọ́ tí Yísà mú ìròyìn náà wálé, ẹ̀wà ni Túndùn ìyàwó rẹ̀ ń ṣà lẹ́yìnkùlé wọn ní Ungwan Shanu nílùú Kàdúná, ó sì kọ́kọ́ rò pé oòrùn ọ̀sán ló ti mú ọkọ òun lórí.

"Hájíyà Hàúwà ní kí á wá sùn ní òtẹ́ẹ̀lì òun," ni Yísà wí. Ó sọ àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó ṣí fìlà, ó ń fi í fẹ́ ara rẹ̀. "Èmi àti ìwọ. Láti Ọjọ́bọ̀ títí di ọjọ́ Sátidé. Kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa."

"Kí la ṣe fún un?"

"A ò ṣe nǹkan kan fún un. Kò tíì ṣí òtẹ́ẹ̀lì náà. Ó ní àwa tí a bá òun tún ilé náà ṣe ni kí á kọ́kọ́ sùn nínú rẹ̀, àwa àti ìyàwó wa, kí á wá sọ ohun tí ojú wa rí fún òun kí àlejò tó dé. Ó ní gaskiya lòun ń fẹ́. Òótọ́ pọ́ńbélé."

Túndùn wo ọkọ rẹ̀ títí. Láti ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tí wọ́n ti fẹ́ra, wọn ò sùn ní òtẹ́ẹ̀lì rí. Bí wọ́n bá lọ sí Ọ̀fà, ìlú àwọn bàbá Yísà, ilé ẹbí ni wọ́n ń wọ̀ sí. Bí wọ́n bá lọ sí Kàbbà, ìlú àwọn òbí Túndùn, bákan náà ni: orí ẹní ni, láàárín ọmọ bíi mẹ́wàá tó ń ta ẹsẹ̀ lójú oorun.

"Òtẹ́ẹ̀lì wo lẹ ń sọ yìí gan-an?"

"Gidan Bene."

Ọwọ́ Túndùn dúró nínú ẹ̀wà.

Kò sí ọmọ Kàdúná tó dàgbà dáadáa tí kò mọ Gidan Bene. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ńlá kan ni lẹ́bàá odò, tí òyìnbó oníṣòwò kan kọ́ nígbà tí ìlú náà fúnra rẹ̀ ṣì kéré. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn ni àwọn Hausa fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Ògiri rẹ̀ nípọn débi pé ènìyàn lè jókòó sí ojú fèrèsé kí ó na ẹsẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbòòrò yí i ká nísàlẹ̀ àti lókè, igi dọ́ńgóyárò sì tò láti ẹnu géètì dé iwájú ilé. Nígbà tí òyìnbó lọ, adájọ́ kan gbé ibẹ̀. Nígbà tí adájọ́ lọ, bàbá Hájíyà Hàúwà rà á. Bàbá náà kú, ilé sì di ti àdán fún ọdún mẹ́sàn-án, kí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó fi owó òwò aṣọ rẹ̀ dá àwọn òṣìṣẹ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n sọ ọ́ di òtẹ́ẹ̀lì. Ilé àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ni wọ́n bí Túndùn sí, ó ti ń gba iwájú géètì yẹn kọjá láti ìgbà tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, àmọ́ kò fi ẹsẹ̀ kan wọ inú ọgbà náà rí.

"Ẹ sọ fún Hájíyà pé à ń bọ̀," ló wí, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀wà.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ òótọ́ ní Kàdúná lọ́dún 1995 yẹn, ọ̀dọ̀ Túndùn ló yẹ kó wá a lọ. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló fi jẹ́ olórí àwọn alásè ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí àwọn ọmọbìnrin ń gbé inú ọgbà rẹ̀, ọdún méjì ló sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sinmi iṣẹ́. Níbẹ̀, àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ kò tíì gbàgbé ọjọ́ tí àwọn alábẹ̀wò ìjọba wá yẹ ilé ìdáná wò. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ti kìlọ̀ fún un ṣáájú pé kó ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Alábẹ̀wò kan ṣí ìkòkò, ó rí ẹran tó kún inú ọbẹ̀, ó ní, "Ìyá, ṣé báyìí làwọn ọmọ ń jẹun lójoojúmọ́?" Túndùn ní, "Ẹran tòní, tiyín ni, sà. Ẹ bá wa máa wá lójoojúmọ́." Àwọn alábẹ̀wò rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ọ̀gá kò kí i fún odindi táàmù kan, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni ẹran ń wọ inú ọbẹ̀ àwọn ọmọ.

Yísà kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Káfíńtà ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Kawo, kò jìnnà sí gáréèjì, níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń pariwo láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀ tí òun nìkan ń dákẹ́. Bí oníbàárà bá ní kí tábìlì ga, á ga. Bí ó bá ní kó kúrú, á kúrú. Ọ̀rọ̀ tó máa ń tẹnu rẹ̀ jáde jù ni "Ó dáa."

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n lọ. Oṣù Kẹrin ni, ìgbà tí Kàdúná máa ń gbóná bí inú ààrò, tí òjò yóò máa ṣú bí ẹni pé yóò rọ̀ tí kò sì ní rọ̀. Túndùn kó búútà àti ẹní ìkírun ọkọ rẹ̀, ó kó Bíbélì tirẹ̀, aṣọ ìbora méjì, fìtílà, abẹ̀bẹ̀, gààrí àti kúlíkúlí.

"Ṣé à ń kó lọ síbẹ̀ ni?" ni Yísà béèrè.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ jàre."

Hájíyà Hàúwà fúnra rẹ̀ ló dúró lẹ́sẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó ń kí wọn káàbọ̀. Obìnrin gíga ni, ó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún, ìborùn funfun sì máa ń wà lórí rẹ̀ nígbà gbogbo. Hausa ni wọ́n jọ ń sọ, torí ẹnu Túndùn dá ṣáká nínú rẹ̀ bí ẹnu ẹni tí wọ́n bí sí Tudun Wada láàárín àwọn Hausa.

"Sannunku da zuwa, Málàm Ísà. Maman Ayo, sannu," ni Hájíyà fi kí Yísà àti Túndùn. Lẹ́yìn náà ó na ìka sí Túndùn. "Ẹ má wá yìn mí o. Àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi ti yìn mí tán. Bí nǹkan bá burú, ẹ sọ ọ́."

"Ẹ̀yin náà kò mọ ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀," ni Túndùn dáhùn, Hájíyà sì bú sẹ́rìn-ín.

Yàrá kẹrin ni wọ́n fún wọn, lókè, níhà odò. Àkéte ibẹ̀ ga débi pé Túndùn ní láti gbá aṣọ rẹ̀ mú kó tó gùn ún. Ògiri funfun, àjà òkè funfun gbòò, ó dán bí àwo. Ẹ̀rọ amúlétutù ń kùn jẹ́jẹ́ lára ògiri, òtútù rẹ̀ sì dùn lára bí omi àmù. Yísà jókòó sí etí àkéte lápá kan, Túndùn jókòó sí etí kejì, àwọn méjèèjì kọjú sí ògiri bí ẹni tó ń dúró de dókítà.

"Kí la wá máa ṣe báyìí?" ni Túndùn béèrè.

"N ò mọ̀."

Wọ́n bojú wẹ̀yìn wo ara wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí Ayọ̀kúnmi, àkọ́bí wọn, lọ́dún 1962, àwọn méjèèjì kò dá wà nínú yàrá kan lọ́sàn-án gangan rí láìjẹ́ pé ẹnìkan ń sunkún, ẹnìkan ń kanlẹ̀kùn tàbí nǹkan kan ń jó lórí iná.

Wosilat, ìyàwó kunlékunlé tó kun gbogbo ilé náà, wà ní yàrá kẹta. Kò pẹ́ tó fi yọ orí sí wọn. Ó ti wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín wákàtí méjì. "Ìyá Ayọ̀!" ló ń ké, "Àlùjánnà rè é! Ẹ ti fọwọ́ kan omi gbígbóná yẹn? Ó ń jáde lára ògiri!"

Oúnjẹ dé nígbà tó ṣe: ìrẹsì, adìyẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó. Túndùn tọ́ ọ wò bí alásè ṣe máa ń tọ́ oúnjẹ alásè mìíràn wò, ó ń wá àṣìṣe. Iyọ̀ pé. Ata mọ níwọ̀n. Adìyẹ rọ̀. Ó wá jókòó, ó jẹun náà ní gbígbóná, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìdìde bu omi fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n kó àwo lọ, ó tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sórí itan, ó ń wò wọ́n. "Wọ́n á fọ àwo yẹn," ló sọ fún Yísà, bí ẹni tó ń sọ ìtàn ìyanu.

Ní nǹkan bí aago mẹ́ta, NEPA mú iná lọ.

Ẹ̀rọ mí kanlẹ̀, ó dákẹ́. Wọ́n dúró de jẹnẹrétọ̀ títí, jẹnẹrétọ̀ kò dún. Ọ̀wọ́n epo wà nílùú nígbà yẹn, dírẹ́bà Hájíyà sì ti wà lórí ìlà dísẹ́ẹ̀lì ní ilé epo kan láti àárọ̀ kùtù. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí yàrá kẹrin fi yí padà. Ooru bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, ó jókòó lé wọn lórí. Yísà ṣí fèrèsé. Ṣùgbọ́n bí ẹni ṣí ẹnu ìkòkò tó ń hó ni. Túndùn mú abẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ó fẹ́ fún ara rẹ̀, ó fẹ́ fún ọkọ rẹ̀, kó tó sọ ọ́ sílẹ̀ tó sì jáde síta.

Lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, atẹ́gùn tutù ń ti ojú odò bọ̀. Ó gbá a lójú bí aṣọ tútù. Ó dúró, ẹnu yà á. Báwo ni ìta ṣe lè tutù kí inú ilé sì máa jó? Ó gbójú sókè. Lábẹ́ òrùlé, lórí ògiri yàrá wọn, ó rí àwọn ihò kan tí wọ́n fi bíríkì tò dáadáa, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tóbi tó búrẹ́dì, wọ́n sì ta wáyà wẹ́wẹ́ bò wọ́n. Ó kà wọ́n: mẹ́fà. Ó padà wọlé, ó wo òkè. Kò sí ihò kankan nínú yàrá. Àjà funfun gbòò nìkan ló wà.

Ẹni tó ti lo ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nídìí ààrò kò nílò kí wọ́n ṣàlàyé ibi tí èéfín ń gbà jáde fún un. Ó wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń wo ilẹ̀.

Ó dúró títí Yísà fi kírun màgàríbà tán, tí wọ́n sì jọ jókòó sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, tí ojú ọ̀run ṣì pọ́n díẹ̀ lókè odò.

"Bàbá Ayọ̀, ta ló kan àjà yẹn?"

"Èmi ni."

"Ẹ ò rí àwọn ihò yẹn ni?"

"Mo rí wọn." Yísà tún ẹsẹ̀ rẹ̀ ká. "Lọ́jọ́ kìíní tí a débẹ̀ ni mo ti rí wọn. Mo sọ fún Ẹnjiníà Olúdayọ̀ tó ń darí iṣẹ́ wa pé àjà tó fẹ́ kí n kàn yìí yóò wá sísàlẹ̀ àwọn ihò náà, yóò dí wọn. Ó ní, 'Bàbá, ẹ fi ìgbà láéláé sílẹ̀. Ihò yẹn ni òtútù ẹ̀rọ máa gbà sá lọ.' Mo ní ó dáa."

"Yàrá mélòó?"

"Mẹ́jọ. Gbogbo tòkè."

Túndùn mí kanlẹ̀. "Hájíyà sì ní òótọ́ lòun ń fẹ́."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá dìde lọ́jọ́ Sátidé tí o sọ pé àjà ló bà á jẹ́, wọn ò ní wí pé Ẹnjiníà. Wọ́n á ní káfíńtà. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń kan nǹkan nílùú yìí, Ìyá Ayọ̀, kò sí ẹni tó dá iṣẹ́ mi padà rí." Ohùn rẹ̀ wá rẹlẹ̀. "Àjà yẹn dáa. Wò ó dáadáa. O ò ní rí ojú ìṣó kan ṣoṣo."

Òótọ́ ni. Túndùn ti wò ó. Àjà náà lẹ́wà, kò sí ibi tí pákó kan ti pàdé èkejì tí ojú lè rí. Gbogbo ìbínú tó ti kó jọ láti ọ̀sán wá kò mọ ibi tí yóò gbé lọ mọ́. Ó wo ọwọ́ ọkọ rẹ̀, àwọn ọwọ́ tí igi ti há tí kò lè tẹ́ mọ́ dáadáa.

"Iṣẹ́ yín ni," ló wí nígbẹ̀yìn. "Mi ò ní fi ẹnu mi gbé e jáde. Ṣùgbọ́n bí Hájíyà bá bi mí tààrà, mi ò ní purọ́ fún un."

"Mo mọ̀ pé o ò ní purọ́," ni Yísà wí. Ó wá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ohun tí mo fi ń bẹ̀rù rẹ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́ nìyẹn."

Ọjọ́ Jímọ̀ lọ ní ìrọ̀rùn. Yísà lọ kírun, ó padà. Iná wá, iná lọ. Nígbà tí ooru ọ̀sán mú, wọ́n gbé ẹní jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, wọ́n sùn síbẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn bí ọmọdé tó jàjàbọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ ilé. Wọ́n mu gààrí pẹ̀lú kúlíkúlí, Túndùn sì sọ ìtàn ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ kọ́kọ́ gbọ́ pé Mùsùlùmí ni ọmọkùnrin tó ń wá a wá sílé: bàbá náà wọ yàrá, ó tilẹ̀kùn, ó tún ṣí i lẹ́ẹ̀kan láti béèrè bóyá ọmọkùnrin náà níṣẹ́ lọ́wọ́, ó sì tún tì í padà. "Nígbà tí mo ní káfíńtà ni," ni Túndùn wí, "ó dákẹ́ sínú ibẹ̀ títí, ó wá ní, 'Ṣé ó lè tún ilẹ̀kùn yìí ṣe?'" Yísà kò gbọ́ ìtàn náà rí láti gbogbo ọdún yìí wá. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, Hájíyà kó gbogbo wọn jọ sí pálọ̀ ìsàlẹ̀. Àkàrà àti kúnú wà lórí tábìlì. Ẹnjiníà Olúdayọ̀ wà níbẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin tó mọ́ tónítóní, tó kàwé ní Èkó, tó ká ìwé àwòrán ilé sábẹ́ abíyá. Hájíyà mú bírò, ó ṣí ìwé.

Kunlékunlé dìde, ó ní kò sí àléébù kankan. Wosilat ní bí wọ́n bá ń lé òun lọ, òun kò ní lọ. Ẹni tó ṣe omi ẹ̀rọ náà ní gbogbo rẹ̀ dára. Bírò Hájíyà kò tíì kan ìwé.

"Maman Ayo?"

Túndùn nu ẹnu. "Àkéte yín ga jù. Ìyá arúgbó kò lè gùn ún. Nílé ìwẹ̀, kò sí ibi tí obìnrin lè fi aṣọ rẹ̀ kọ́, orí ilẹ̀ tútù ni mo ká tèmi sí. Kò sí búútà. Èyí tí ọkọ mi ń lò, ilé la ti gbé e wá. Kò sì sí àmì kankan lára ògiri tó máa jẹ́ kí Mùsùlùmí tó jẹ́ àlejò mọ ibi tó máa kọjú sí."

"Kai!" ni Hájíyà ké, bírò ń sáré. "Odindi èmi! Mo gbàgbé búútà!" Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó rí ohun tó sọnù. Ó gbé ojú sókè. "Ooru ńkọ́? Iná lọ lọ́jọ́ méjèèjì. Báwo ni yàrá yín ṣe rí?"

Túndùn la ẹnu. Kí ọ̀rọ̀ tó jáde, àga kan dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Yísà ti dìde.

"Hájíyà, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí èmi dáhùn ìyẹn." Ó di fìlà rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Túndùn kò rí i kó dìde sọ̀rọ̀ láàárín àwùjọ rí, kódà níbi ìgbéyàwó àwọn ọmọ rẹ̀. "Yàrá náà gbóná. Kò sì yẹ kó gbóná. Ẹni tó kọ́ ilé yìí mọ oòrùn Kàdúná, kò sì sí NEPA nígbà tó ń kọ́ ọ. Ó fi ihò sílẹ̀ lókè ògiri kí ooru lè máa bá ibẹ̀ jáde, kí atẹ́gùn odò sì máa kọjá. Àjà tí mo kàn ló dí wọn. Mo mọ̀ pé yóò dí wọn, mo sì kàn án bẹ́ẹ̀."

Ó jókòó. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Wosilat gbé àkàrà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹnjiníà Olúdayọ̀ wú ikọ́. Ó hàn pé ó lè dákẹ́, kí ọ̀rọ̀ náà sì kọjá lórí rẹ̀. "Hájíyà, èmi ni mo ní kó kàn án," ló wí. "Bí wọ́n ṣe ń ṣe òtẹ́ẹ̀lì nìyẹn lóde òní. Bí ihò bá wà, ẹ̀rọ kò ní lè mú yàrá tutù."

"Bí iná kò bá sí ńkọ́?"

"Jẹnẹrétọ̀ wà."

"Dísẹ́ẹ̀lì ńkọ́?"

Ẹnjiníà wo òde. Dírẹ́bà ṣì wà lórí ìlà. Ẹnìkan kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, gbogbo wọn sì bá a rẹ́rìn-ín, títí kan Ẹnjiníà fúnra rẹ̀.

Hájíyà kọjú sí Yísà. "Málàm Ísà, bí ẹ bá fẹ́ ṣí ti yàrá kan, ìgbà wo lẹ máa parí rẹ̀?"

"Kí wọ́n tó pe ìrun àìlà."

"Ẹ ṣí ti yàrá yín."

Túndùn ló di àkàbà mú. Òòlù kan péré ni ìbá fi wó gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n Yísà kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń fa ìṣó yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé pákó fún ìyàwó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, òun sì ń tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Eruku bọ́ lé wọn lórí, ìgbẹ́ àdán gbígbẹ bọ́ tẹ̀ lé e. Nígbà tí pákó kẹjọ kúrò, wọ́n rí àjà àtijọ́ lókè téńté, igi pupa dúdú tí kòkòrò kò fẹnu kàn. Yísà dúró lórí àkàbà, ó fi ọwọ́ pa á.

"Ẹni tó kan èyí mọ iṣẹ́," ló wí.

"Ẹ̀yin náà mọ iṣẹ́. Ẹ sọ̀ kalẹ̀."

Nígbà tí pákó ìkẹyìn kúrò níwájú àwọn ihò, aṣọ fèrèsé mì. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ó wú díẹ̀, ó padà, ó tún wú. Òógùn ọrùn Túndùn tutù. Òun àti ọkọ rẹ̀ dúró láàárín yàrá, pẹ̀lú eruku lójú, wọ́n ń wo aṣọ fèrèsé náà.

Aago mẹ́ta ni Hájíyà gòkè wá pẹ̀lú Ẹnjiníà, ní àkókò tí oòrùn le jù, iná kò sì sí. Ó gun àkéte, ó ní, "Lóòótọ́, ó ga," ó jókòó. Ó wo òkè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá Ẹnjiníà sọ̀rọ̀ nípa táìlì ilé ìwẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí, ó ní táìlì aláwọ̀ búlúù ni òun ń fẹ́, ó ní bí kò bá sí búlúù ní ọjà Kàdúná kí wọ́n wá a lọ sí Kánò, ó ní... Kò sọ ohun tó kù. Ìborùn funfun ti bọ́ sí ojú rẹ̀, ó sì ń hanrun jẹ́jẹ́.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró gbagidi. Wosilat yọ sẹ́nu ọ̀nà, ó fẹ́ kígbe, Túndùn fi ìka sẹ́nu fún un. Wọ́n yọ́ jáde sórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí olè.

Ẹnjiníà Olúdayọ̀ fara ti òpó, ó ń wo odò. "Bàbá, ẹ má bínú," ló sọ fún Yísà ní Yorùbá. "Ẹ sọ fún mi lọ́jọ́ kìíní."

"Ẹ̀ẹ̀kan ni mo sọ ọ́," ni Yísà dáhùn. "Ó yẹ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì."

Ìpè ìrun àlàásárì ló jí Hájíyà. Ó jáde sí wọn, ó ń tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ojú rẹ̀ sì rí bí ojú ọmọ tó sùn yó. "Ẹ tú gbogbo rẹ̀," ló wí. "Yàrá méjèèje tó kù. Kí ni a máa fi àwọn pákó náà ṣe?"

Yísà ti ronú nípa rẹ̀ lórí àkàbà. Ó ní òun yóò fi wọ́n kan àtẹ̀gùn kékeré sí ẹsẹ̀ àkéte kọ̀ọ̀kan, òun yóò sì kan ìkọ́ aṣọ sílé ìwẹ̀ gbogbo. Hájíyà pàtẹ́wọ́, ó ní, "Madalla." Ó wá wo Túndùn, ó ní wọn kò gbọdọ̀ lọ lónìí, kí wọ́n sùn di ọ̀la, kí wọ́n jẹ ìgbádùn yàrá tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tún ṣe.

Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Ó ti ń ṣú láti ọ̀sẹ̀ méjì, kò sì sí ẹni tó gbà á gbọ́ mọ́. Wọ́n jókòó sí ojú fèrèsé, ẹsẹ̀ wọn nà síwájú, òórùn ilẹ̀ tútù ń gba àwọn ihò òkè wọlé wá bá wọn. Yísà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó sọ̀rọ̀ nípa ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, nípa tábìlì kan tó kàn lọ́dún 1970 tó ṣì ń dùn ún pé ó kúrú jù, nípa bí ẹ̀rù ṣe bà á ní pálọ̀ láàárọ̀ yẹn débi pé kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Túndùn kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Òun tó ti ń sọ̀rọ̀ fún àwọn méjèèjì láti ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń gbọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, láti Gidan Bene ló ti múra lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ yí i ká lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n ní àwọn wá a délé lánàá, àwọn aládùúgbò sì sọ fún àwọn pé òtẹ́ẹ̀lì ló wà.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Túndùn wí. "Èmi àti ọkùnrin kan."

"Haba, Ìyá Ayọ̀!"

"Káfíńtà ni," ló wí, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. "Ó mọ iṣẹ́, mi ò ní dá a padà."

Wọ́n tú àjà yàrá méje tó kù láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Òtẹ́ẹ̀lì náà ṣí ní oṣù Kẹfà, àwọn àlejò sì máa ń béèrè yàrá òkè kódà nígbà tí iná bá wà. Ẹnjiníà Olúdayọ̀ gba iṣẹ́ ilé àtijọ́ mìíràn ní Zaria lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Kó tó ya àwòrán kankan, ó wá sí Kawo, ó gbé àga kan jókòó ní iwájú ṣọ́ọ̀bù Yísà, ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi lọ wò ó. Ohunkóhun tí ẹ bá rí, ẹ sọ ọ́ fún mi títí n ó fi gbọ́." Yísà gbọn eruku igi kúrò lára aṣọ rẹ̀, ó bá a lọ.